Àtúnwò Èdìdì Ìwà

Ọjọ́ mẹ́fà ni Ìbídùnní fi wá obìnrin náà kiri orí omi kó tó bá a lẹ́yìn fèrèsé. Fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí Ebúté Tuntun ni. Obìnrin náà dúró síta lórí pákó tí omi òkun ń gbá lábẹ́, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé igi fèrèsé bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ sínú ilé, níbi tí aboyún kan ti ń rọbí.

"Ní kó má tíì tì," ló ń wí. "Kò tíì tó àkókò. Ní kó mí. Ìwọ náà, mí."

Nọ́ọ̀sì ló ń bá sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì náà kò ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ funfun báláú. Pupa ni ìlẹ̀kẹ̀ obìnrin tó wà lẹ́yìn fèrèsé.

Ìbídùnní kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ojú ẹ̀rọ tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ funfun, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ó yíjú padà, ó ní kí màmá jẹ́ kí àwọn jọ wọlé. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sójú ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn pa dé, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ tí gbogbo onílẹ̀kẹ̀ pupa mọ̀ sórí sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta. A dúpẹ́ fún sùúrù yín."

"Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń dúpẹ́ sùúrù lọ́wọ́ mi," ni obìnrin náà wí. "Tó bá mọ̀ pé mo ní sùúrù, kí ló dé tí kò jẹ́ kí n wọlé?" Ó sì padà sídìí fèrèsé rẹ̀.

Bí Ìbídùnní ṣe mọ̀ nìyẹn pé òun ti rí Yémisí Orímisàn, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ẹni ìkẹyìn nínú irínwó ó lé méjìlá ènìyàn tí òun ń wá.

Ìrọbí ọ̀hún le. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí, ọmọ kò wá. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, èjìká há. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Aboyún ń ṣépè fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì ń dárúkọ Orímisàn nínú wọn. Ọkọ rẹ̀ sáré wá láti ojú pákó, ó dúró sí iwájú Orímisàn, ó ń nàka sí i lójú pé kí onílẹ̀kẹ̀ pupa kúrò lójú fèrèsé ìyàwó òun kó tó fi ìbínú rẹ̀ pa á lọ́mọ.

Ìbídùnní dúró, ó ń wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wò. Ẹ̀rọ agbóhùn tó wà nínú àpò rẹ̀ ń wọn gígùn àti gíga ohùn gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń retí ìgbà tí ohùn obìnrin yìí máa ga. Kò ga. Orímisàn kò tilẹ̀ wo ìka ọkùnrin náà. Ó ní kó lọ gbé omi gbígbóná wá láti ilé tó jìnnà jù ní òpin pákó, kó rọra rìn, kó má dà á nù. Ọkùnrin náà wò ó, ó sì lọ. Ìbídùnní rí i pé kò sẹ́ni tó nílò omi gbígbóná ní wákàtí yẹn.

Lẹ́yìn náà ni Orímisàn ní kí nọ́ọ̀sì ká orúnkún aboyún méjèèjì sókè títí wọ́n á fi kan ikùn rẹ̀. Ó ní kó wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn, lókè egungun, kì í ṣe orí ikùn. "Kì í ṣe agbára," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po pupuru. Bẹ́ẹ̀ gan-an. Má ṣíwọ́." Èjìká yọ. Ọmọbìnrin ni. Ó figbe ta.

Ọkọ dé pẹ̀lú omi rẹ̀. Ó bá a pé ó ti di bàbá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí pákó tó tutù, níwájú ẹni tó ti ń nàka sí lójú.

Àwọn ará Ebúté Tuntun kò jẹ́ kí Ìbídùnní dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ síbi fèrèsé, wọ́n fi ibi tí ìgbọ̀nwọ́ Orímisàn ti jẹ igi náà wọnú hàn án, ó ti jìn tó àwo. Wọ́n ní láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, kò sí ọmọ tí wọ́n bí nílé yìí tí kò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yẹn kó tó gbọ́ ti ìyá rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ní nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé náà lọ́dún tó kọjá, gbogbo ìlú ló kọ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Orímisàn gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja síwájú àlejò rẹ̀, wọ́n jọ jẹun. Ìbídùnní wá sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un. Ilé Àtúnwò ní Ìbàdàn ló rán òun. Gbogbo òfin tó bá dúró lórí ìwádìí, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ tún ìwádìí náà ṣe lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì. Ó ti kan Òfin Èdìdì báyìí, òfin tó ń mú gbogbo ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ síwájú tábìlì, tí wọ́n á wọn ìwà rẹ̀, tí wọ́n á sì di ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ṣeé bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, funfun fún ẹni tó ṣeé fọkàn tán, pupa fún ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán. Ẹgbẹ̀ta ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ di ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ fi ṣe ìwádìí náà. Irínwó ó lé méjìlá ló ṣì wà láyé nínú wọn, òun sì ti bá gbogbo àwọn yòókù sọ̀rọ̀.

Orímisàn gbọ́, ó ń yọ egungun ẹja.

"Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n mí ni òkun gbé àbúrò mi lọ," ó ní. "A ò rí òkú rẹ̀. Mo jókòó, wọ́n bi mí bóyá inú máa ń tètè bí mi. Mo dojú tábìlì wọn dé. Lẹ́yìn ọdún méjì wọ́n padà wá wọ̀n mí, bóyá ó ti yí padà. Nígbà yẹn, wọ́n ti lé mi kúrò nílé-ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí nítorí ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Wọ́n wá bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi."

Ìbídùnní bi í léèrè ohun tó yí padà lẹ́yìn náà.

"Inú ṣì ń bí mi o. Má kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti di áńgẹ́lì. Àmọ́ tí mo bá pariwo lẹ́yìn fèrèsé, nọ́ọ̀sì tó wà nínú ilé á ṣàṣìṣe, ẹnìkan á sì kú. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìbínú mì. Ọdún kìíní ṣòro. Ọdún kẹwàá, n kò mọ ìgbà tí mo ń gbé e mì mọ́."

Ìbídùnní bi í ní gbogbo ìbéèrè tó kù. Lẹ́yìn náà ló mú márùn-ún nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ohun tí àwọn márùn-ún sọ dára ju ohun tí Orímisàn sọ nípa ara rẹ̀ lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e padà, ẹ̀rọ ṣe ìṣirò fún un. Kò jẹ́ tuntun sí i, ó ti ń rí i bọ̀ láti ìgbà tó ti bá igba ènìyàn sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ṣì ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú irínwó ó lé méjìlá, ọ̀tàlérúgba ó lé mẹ́ta ni ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ wọn kò bá ìwà wọn mu mọ́. Òótọ́ ni pé ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀ pátápátá: ẹni tó lọ́yàyà ní kékeré ṣì sábà máa ń lọ́yàyà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ti rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n ti dè wọ́n mọ́. Iṣẹ́ ló sọ àwọn kan di ẹni tó ṣeé gbára lé, ọmọ títọ́ ló rọ àwọn kan lọ́kàn. Àwọn onílẹ̀kẹ̀ funfun mìíràn sì wà tí wọ́n ti le bí òkúta, tí gbogbo ilẹ̀kùn ṣì ń ṣí fún.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ọkàn rẹ̀ wúwo ni. Ẹni tó ṣe ìwádìí àkọ́kọ́ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́ Akínrìnádé, ẹni tó kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní gbogbo ohun tó mọ̀. Onílẹ̀kẹ̀ pupa ni bàbá Ìbídùnní. Ilé ìwé gíga kì í gba ọmọ irú wọn nígbà yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló dúró lẹ́nu ọ̀nà fún un títí wọ́n fi gbà á. Ẹ̀yìnkùlé ìyá yẹn ló gbé fún ọdún mẹ́fà, ibẹ̀ ló ti kọ́ pé tí ìṣirò bá tako ohun tí o fẹ́, ìṣirò ni kí o gbà.

Ọ̀gá rẹ̀ ní Ilé Àtúnwò, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, pè é wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni òun náà nígbà kan. Ó rán an létí pé bí ẹnìkan ṣoṣo bá kù tí wọn kò rí, àbọ̀ ìwádìí á dúró fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó kà á ní Gbọ̀ngàn, níwájú Ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin. Ó ní Ebúté Tuntun jìnnà, omi le, kò sẹ́ni tó máa yà lẹ́nu pé wọn kò rí obìnrin kan.

"Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pé mẹ́tàlélọ́gọ́rin," ó ní. "Kọ ọ́ pé o kò rí Orímisàn. Jẹ́ kí ìyá wa fi iyì rẹ̀ sùn."

Ìbídùnní jókòó síbẹ̀, ó ń rò ó, nítorí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ta ló máa pa lára? Ó ro àwọn ọmọ tí ọdún márùn-ún máa kó wá síwájú tábìlì, tí wọn kò tíì rí òkú àbúrò wọn. Ó ro ọmọ tuntun tó figbe ta lẹ́ẹ̀kan yẹn, àti irú ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n máa dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dìde. Ó ní òun ti rí i, òun sì ti jẹun nílé rẹ̀. Òun kò lè kọ ọ́ pé òun kò rí i.

Òfin ní kí olùṣàtúnwò fi àbọ̀ han ẹni tó ni iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kíkà. Ẹ̀rọ lè gbé e lọ. Ìbídùnní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sílé Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Agodi, láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó gbé àbọ̀ náà fún un, ó sì jókòó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ awò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò mu omi, kò gbójú sókè. Nígbà tó parí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ó sì tún ìṣirò ṣe fúnra rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì àti ìwé, ojú ewé kan lé òmíràn. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó gbé lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

"Irínwó ó lé méjìlá. Gbogbo wọn lo rí?"

"Gbogbo wọn, Màmá."

"Ọmọ tó dojú tábìlì mi dé ńkọ́?"

Ìbídùnní sọ ohun gbogbo tó rí fún un, fèrèsé, èjìká ọmọ, ohùn tí kò ga. Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan tí etí rẹ̀ ti gbó ló gbé jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Orímisàn, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: ọ̀fọ̀ ṣẹ ọmọ yìí, kí á padà wò ó nígbà tó bá dàgbà.

Ó ní lẹ́yìn ìwọ̀n kejì, òun kò padà mọ́. Omi ti gbé etíkun lọ lọ́dún náà, ìlú ń ṣí kiri, gbogbo ènìyàn fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n lè fi ọmọ àti ọkọ̀ lé lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ń kánjú. Ọdún méjì péré ni òun fi tẹ̀lé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, òun sì mọ̀ pé kò tó. "Ṣùgbọ́n wọ́n ń yìn mí, Ìbídùnní. Ìyìn dùn lẹ́nu ju oyin lọ. Òun ló pa mí lẹ́nu mọ́."

Ojú rẹ̀ kò sí lára Ìbídùnní nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kó máa lọ, kó gbọ́ ohùn òun ní Gbọ̀ngàn. Ìbídùnní lọ, kò mọ̀ bóyá ìyá òun ṣì ni àbí ó ti di ọ̀tá.

Ní ọjọ́ kẹta, Gbọ̀ngàn kún. Àwọn onílẹ̀kẹ̀ funfun wà níwájú, àwọn onílẹ̀kẹ̀ pupa wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, bí àṣà. Ìbídùnní kà á láìfi iyọ̀ sí i. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó sọ iye tó rí, ó sọ bó ṣe rí wọn, ó sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ lè ti ṣàṣìṣe. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Alága wá béèrè bóyá ẹni tó ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ ìdádúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀, àbọ̀ náà á wọ àpótí fún ọdún márùn-ún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínrìnádé dìde lórí ọ̀pá rẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀, wọ́n rò pé olùgbàlà dé.

"Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tún wò yìí," ó ní. "Ọdún méjì ni mo fi wo ọmọ ènìyàn, mo sì fi í de gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ó yẹ kí n padà lọ wò wọ́n. N kò lọ. Ọmọ yìí lọ. Mo ti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, mo wá àṣìṣe kiri inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, nítorí kò wù mí kó jẹ́ òótọ́. Òótọ́ ni. N kò ní ọ̀rọ̀ ìdádúró."

Ó yíjú sí àwọn onílẹ̀kẹ̀ pupa. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Igbe ta láti ẹ̀yìn pé kí màmá má kúnlẹ̀, àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ó kúnlẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ wọn dìde, wọ́n ń sunkún. Ọkùnrin kan tó ti ń hewú dìde pẹ̀lú, ó wò ó, ó kẹ́yìn sí i, ó sì jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí ó fi jáde, ó mi orí pé ó tọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ dìbò lọ́jọ́ náà gan-an pé kí wọ́n má di ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọmọ kankan lọ́wọ́ mọ́. Yíyọ ojú kúrò lára àwọn ilẹ̀kùn ní tirẹ̀ gbà tó ọdún kan àbọ̀, nítorí àwọn kan bá a jà gidigidi.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, bí èrò ṣe ń tú ká, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ògiri Gbọ̀ngàn tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n wá. Ojú ń tì í. Orúkọ gbogbo ẹni tí òfin dúró lórí iṣẹ́ wọn ni wọ́n gbẹ́ sára ògiri náà, pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí. Ó ṣàlàyé pé òun ní láti pa ohun tí màmá rí rẹ́. Ó ní bí màmá bá fẹ́, òun lè pa orúkọ náà rẹ́ pẹ̀lú, kí ojú má bàa ti àwọn ọmọ màmá.

Ìbídùnní fẹ́ bá a fèsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ kàn án pé kó dákẹ́.

"Fi orúkọ mi sílẹ̀," ó ní. "Pa ìyókù rẹ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo kọ́ Ìbídùnní."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè bóyá ìyẹn nìkan.

"Ṣé ó kéré ni?" ni màmá wí, ó sì na ọwọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kó fà á lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìbídùnní gbé èjìká tirẹ̀ sábẹ́ apá rẹ̀. Àwọn méjèèjì la àárín èrò kọjá lọ́sàn-án gangan, wọ́n rọra ń rìn, orí wọn wà lókè.